Ẹfúnṣetán nínú Ìwé Ìtàn àti Ẹfúnṣetán lórí Ìtàgé: Àkíyèsí Díẹ̀ lórí Bí A Ṣe Ń Ka Iṣẹ́ Ọnà tí ó Dá lórí Ìgbà Àtijọ́

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó jẹ́ èyí tí a sábà máa ń fi ìkánjú dáhùn. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá mú ẹni tí ó gbé ilé ayé rí, tí a mọ ìlú rẹ̀, tí a mọ oyè rẹ̀, tí a sì mọ ọdún tí ó kú, tí ó wá fi í ṣe ẹ̀dá-ìtàn nínú eré tàbí nínú ìtàn àròsọ, irú ojú wo ni ó yẹ kí òǹkàwé fi wo iṣẹ́ náà? Ṣé ojú tí a fi ń wo ìwé ìtàn ni, àbí ojú tí a fi ń wo àlọ́? Bí ohun tí ó wà nínú eré bá sì yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ìwé ìtàn, èwo ni a ó gbà gbọ́, kí ni a ó sì ṣe pẹ̀lú èkejì?

Eré onítàn mánigbàgbé kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970. Ìdí mẹ́ta ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ó wà lára àwọn ìwé Yorùbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kà jù lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e sórí ìtàgé, a sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1981, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò ka ìwé rárá fi mọ orúkọ Ìyálóde náà. Èkejì ni pé Samuel Johnson ti kọ ìtàn Ìyálóde yìí sílẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, nítorí náà a ní ohun tí a lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ eré náà. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà èdè. Orúkọ Ẹfúnṣetán ti di orúkọ tí a fi ń pe obìnrin tí ó bá rorò. Ìdájọ́ ni èyí jẹ́ lórí ẹni tí ó ti kú láti 1874, tí kò sì lè wí tẹnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé tí àwa ń fi kọ́ni ni ìdájọ́ náà ti wá, ó tọ́ kí á mọ bí a ṣe ń kà á.

2. Èrò méjì tí ó gbilẹ̀

Láàrin àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́, èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan a máa gbé ìwé ìtàn lé ọwọ́ ọ̀tún, wọn a gbé eré lé ọwọ́ òsì, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe: èyí kò rí bẹ́ẹ̀, èyí kò ṣẹlẹ̀, èyí kì í ṣe ọdún rẹ̀. Lójú àwọn wọ̀nyí, òǹkọ̀wé eré dà bí ẹlẹ́rìí tí ó wá jẹ́rìí èké ní kóòtù. Àwọn kejì a máa wí pé iṣẹ́ àtinúdá ni iṣẹ́ àtinúdá, pé òǹkọ̀wé ní àǹfààní láti yí ohun gbogbo padà bí ó bá ti wù ú, àti pé ẹni tí ó bá ń fẹ́ òótọ́ kí ó lọ ka ìwé ìtàn.

Èrò méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Àbùkù ti àkọ́kọ́ ni pé ó gbà pé ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ kò ní ẹni tí ó kọ ọ́. Pé bí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni ó bọ́ sínú ìwé. Àbùkù ti èkejì ni pé ó gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn òǹkọ̀wé ní ibi tí òun gan-an ti fẹ́ kí a mú òun ní ẹlẹ́jọ́. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ òmìnira pátápátá lè pe obìnrin inú eré rẹ̀ ní orúkọ mìíràn, kí ó sì fi í sí ìlú tí kò sí. Bí ó bá pè é ní Ẹfúnṣetán, tí ó pe ìlú rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì pe olórí ìlú náà ní Látòósà, ó ti yá nǹkan lọ́wọ́ ìtàn. Agbára orúkọ àti ìgbàgbọ́ tí àwọn ènìyàn ní nínú rẹ̀ ni ó yá. Ẹni tí ó bá sì yá nǹkan, a lè bi í léèrè ohun tí ó fi í ṣe.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí bébà yìí ń dábàá kò ju pé kí á gbọ́ ẹjọ́ ẹnu ìwé ìtàn, kí á gbọ́ ti ẹnu eré, kí á sì mọ ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi rojọ́ bí ó ti rò ó.

3. Ìwé ìtàn náà ní ẹni tí ó kọ ọ́

Ìwé Johnson ni a máa ń gbé sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni òdiwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀. Sàró ni a ti bí Samuel Johnson ní 1846, láti inú ìran àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìjọ, kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ oníṣègùn òyìnbó, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù jọ, tí ó tún un kọ, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nítorí náà, ìwé tí à ń pè ní ẹ̀rí yìí, ọwọ́ ẹni méjì ni ó ti kọjá. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sì ni ó wà láàrin ikú Ẹfúnṣetán àti ọjọ́ tí òǹkàwé kọ́kọ́ rí i kà nínú rẹ̀.

Èyí kò sọ ìwé náà di yẹpẹrẹ. Ní ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán, Johnson wà ní Ìbàdàn ní ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kì í ṣe gbọ́yìsọ̀yí lásán ni ó kọ. Fún ti ayé àtijọ́, ó gbọ́ láti ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti ti àwọn àgbà bí David Kúkọ̀mí ní Ìbàdàn àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó sì dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n oníwàásù ni. Ó kórìíra òwò ẹrú, ó sì fẹ́ kí ogun tán. Òun gan-an wà lára àwọn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti bá wọn ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, nígbà ogun Kírìjì. Ẹni tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ yóò máa wá ẹ̀kọ́ ìwà nínú ìtàn. Bí ó bá ń sọ bí alágbára kan ti ṣubú, kò ní ṣàì fẹ́ kí á rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀.

Ìwé kejì tí ó yẹ kí a fi sí ọkàn ni Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ti Johnson. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, ọmọ Ìbàdàn ni ó sì jẹ́; òun kan náà ni ó di Olúbàdàn ní 1955. Ohun tí ó ya ìwé yìí sọ́tọ̀ ni pé oríkì àwọn olóyè wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn wọn. Oríkì kì í ṣe ẹjọ́ rò bí ìwé ìtàn ti ń rò ó. Ó lè yin ẹnìkan kí ó sì tún bù ú láàrin gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sì ní rí i pé èyí tako ara wọn. Bí a bá rántí èyí, a ó mọ̀ pé kí eré ó tó dé, kí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ó tó dé, àwọn Yorùbá ti ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń rántí alágbára láìsọ ọ́ di ẹ̀dá rere tàbí ẹ̀dá búburú nìkan.

4. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1874

Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, ọlọ́rọ̀ ni Ẹfúnṣetán, ẹ̀yà Ẹ̀gbá ni, ó sì ní oko ńláńlá tí ẹrú tí ó tó ẹgbẹ̀rún méjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì kú nígbà tí ó ń rọbí ní 1860. Láti ìgbà náà ni ìwà rẹ̀ ti yí padà sí àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún. Johnson kò fi ìwà ìkà yìí pamọ́; ó ní a máa fi ipá ba oyún wọn jẹ́, èyí a sì máa la ikú lọ nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i pé ìwà ìkà yìí kọ́ ni a fi yọ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà fi kàn án nígbà tí ó ti ojú ogun dé: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí òun ní ojú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874, a yọ ọ́ lóyè. Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, kò sì tó wọn. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún kan náà, a pa á lórí ibùsùn rẹ̀. Ẹrú rẹ̀ méjì ni ó ṣe é, ọmọ tí ó gbà tọ́ sì mọ̀ sí i, nítorí pé àwọn alágbára ti rán wọn níṣẹ́. Nígbà tí àwọn ìjòyè kan bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a pe ìwádìí, a sì pa àwọn ẹrú náà ní gbangba. Àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ jókòó síbi ìjókòó wọn. Aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà. Ní ọ̀rọ̀ yìí, àṣepamọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di aṣegbé.

Ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni wọ́n. Ní Ìbàdàn ìgbà náà, kì í ṣe ìdílé ọba ni ó ń sọ ènìyàn di ńlá bí kò ṣe iye ọmọ ogun tí ó lè kó jáde àti iye ẹnu tí oko rẹ̀ lè bọ́. Ìbọn àti ẹ̀tù, etíkun ni wọ́n ti ń wá. Ẹni tí ó bá ní owó láti rà wọ́n ni ó lè fi wọ́n wín àwọn ológun láwìn. Bọ́láńlé Awẹ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1977 lórí ipò Ìyálóde nínú ìṣèlú Yorùbá, ti fi hàn pé irú àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe olórí ọlọ́jà lásán. Wọ́n ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ọrọ̀ wọn sì wà lára ohun tí ogun fi ń rìn. Bí Ìyálóde tí ó ní oko tó báyìí bá kọ̀ tí kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sójú ogun, kì í ṣe ahun ni ó ṣe. Ó ti sọ èrò rẹ̀ lórí ogun náà. Bí kò bá sì jáde lọ pàdé Ààrẹ lẹ́yìn odi, gbogbo ìlú ni ó rí i pé àyè rẹ̀ ṣófo.

A tún gbọ́dọ̀ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní 1877, ọwọ́ Látòósà kan náà ba olóyè Aíjẹ́ńkú àti Ṣẹ́ríkí Ìyápọ̀, ìparun ni ó sì já sí fún àwọn méjèèjì. Ní ọdún yẹn náà ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, tí ó gba ọdún mẹ́rìndínlógún. Látòósà fúnra rẹ̀ kú sí ibùdó ogun náà ní 1885. Bí a bá to àwọn nǹkan wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, ìṣubú Ẹfúnṣetán kì í tún ṣe ìtàn obìnrin oníwà ìkà tí ẹ̀san ké lé lórí mọ́. Ó di ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ tí olórí kan fi ń gba gbogbo agbára sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tí ó ṣubú, ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ di òwe fún ìkà. Ẹni náà ni ẹni tí a kọ eré lé lórí.

5. Ohun tí eré náà yí padà, àti ohun tí ó fi kún un

Nínú eré Ìṣọ̀lá, a mọ̀ pé Ẹfúnṣetán ti ṣòfin pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, Ìyálóde sì ní kí a pa á. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí. Àwọn ẹrú gbìyànjú láti gbẹ̀san, kò bọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni Látòósà àti àwọn jagunjagun Ìbàdàn dìde sí i nítorí ìwà ìkà rẹ̀. Nígbà tí Ẹfúnṣetán rí i pé ọwọ́ ti ba òun, ó gbé májèlé jẹ.

Bí a bá fi èyí wé ti Johnson, nǹkan mẹ́ta ni ó yí padà. Àkọ́kọ́ ni ìdí ìṣubú: ohun tí ó jẹ́ àkíyèsí lórí ìwà rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ni ó di okùnfà gbogbo nínú eré, ẹ̀sùn mẹ́ta Ààrẹ sì lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Èkejì ni irú ikú tí ó kú: ẹni tí a pa lórun di ẹni tí ó pa ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ipò Látòósà: ẹni tí ìtàn fi sí ẹ̀yìn ìpànìyàn náà di ẹnu ìdájọ́ òdodo.

Ìyípadà kejì kì í ṣe àléébù lójú tiwa. Àṣà ilẹ̀ wa gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín. Bí Ẹfúnṣetán ti kú nínú eré fi iyì kan sílẹ̀ fún un tí ikú òru 1874 kò fún un. Òǹkọ̀wé tí ó kórìíra rẹ̀ kì bá tí fún un ní irú ikú bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ìyípadà kìíní ní ìdí tirẹ̀ lórí ìtàgé. Àìfi-ìpèsè-ránṣẹ́ kò ṣe é fi hàn fún òǹwòran. Ẹrúbìnrin tí à ń fà lọ síbi tí a ó ti pa á ṣe é fi hàn. Eré nílò ohun tí ojú lè rí.

Ìyípadà kẹta ni ó yẹ kí ó kọ wá lóminú. Kò sí olóyè pàtàkì kan ní Ìbàdàn nígbà náà tí kò ní ẹrú. Látòósà ní ẹrú. Ogun tí ó ń jà wà lára ohun tí ó ń mú kí ẹrú pọ̀ ní ìlú. Bí a bá wá fi ẹni yìí ṣe olùgbàlà àwọn ẹrú kúrò lọ́wọ́ obìnrin kan, ohun tí òǹwòran ń gbé lọ sílé ni pé oko ẹrú jẹ́ ìwà burúkú ẹnìkan, àti pé nígbà tí ẹni náà kú, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ kò parí. Ẹrú inú ilé àwọn tí ó dá Ẹfúnṣetán lẹ́jọ́ jí sínú ẹrú lọ́jọ́ kejì. Eré náà tu ọkàn wa lára lórí ohun kan tí kò yẹ kí ọkàn wa ó balẹ̀ lé lórí, nítorí pé ó kan àwọn baba ńlá gbogbo wa, kì í ṣe ti obìnrin kan ṣoṣo.

Síbẹ̀síbẹ̀, bí a bá dúró síbí yìí, a ti rẹ́ eré náà jẹ. Ó ṣe ohun kan tí ìwé ìtàn kò ṣe. Nínú Johnson, àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán jẹ́ iye, ẹgbẹ̀rún méjì. Wọn kò ní orúkọ, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni àwọn méjì tí ó pa á jẹ́ fún ẹlòmíràn, a sì gé ọwọ́ náà sọnù nígbà tí iṣẹ́ parí. Ìṣọ̀lá ni ó fún ẹrú lórúkọ. Ó fún un ní olólùfẹ́, ó fún un ní ìbínú, ó jẹ́ kí á gbọ́ bí ó ti ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ iye Adétutù tí ó wà ní Ìbàdàn ní tòótọ́ láàrin 1860 sí 1874. Kò sí ìwé tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà gbọ́ ohùn wọn ju pé kí ẹnìkan ronú rẹ̀ kí ó sì kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó kú náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni Johnson fi sọ ọ́. Eré ni ó gba ibẹ̀ wọlé, tí ó sì bi wá bí ó ti rí lára obìnrin tí ó ní owó, tí ó ní oyè, tí ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lábẹ́ rẹ̀, ní àwùjọ tí ó jẹ́ pé ọmọ ni a fi ń mọ obìnrin, tí òun kò sì ní. Ẹni tí ó bá ti ka eré náà, tí ó wá padà sí ojú ìwé Johnson yẹn, kò ní tètè kọjá lórí ọdún 1860 mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé eré náà lè mú wa ka ìwé ìtàn dáadáa sí i, bí ó bá jẹ́ pé a ka ìwé ìtàn náà rárá.

6. Irú iṣẹ́ mìíràn

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó dá lórí ìgbà àtijọ́ ni a lè fi òdiwọ̀n yìí wọ̀n. Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí ó jáde ní 1969, kò mú ẹnì kankan tí a mọ̀ nínú ìtàn ṣe akọni rẹ̀. Ohun tí ó yá lọ́wọ́ ìtàn ni ètò ìjọba: ìlú ńlá tí ó ń gba ìsìn lọ́wọ́ ìlú kéékèèké, àti ìgbìyànjú àwọn tí ó wà lábẹ́ ìsìn láti já ara wọn gbà. Ju ẹnìkan lọ ni ó sì ń sọ ìtàn náà fún wa, èyí tí ó jẹ́ kí òǹkàwé rántí pé ojú kan kò tó wo ọ̀rọ̀. A kò lè bèèrè lọ́wọ́ Fálétí bóyá Àjàyí gbé ayé rí. Ohun tí a lè bèèrè ni bóyá ìsìn rí báyìí lára ẹni tí ó ń sìn. Níbí, ìwé ìtàn ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ètò náà, nítorí Johnson sọ̀rọ̀ lórí ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ àti koríko tí a ń kó wá. Ìtàn àròsọ sì ń jẹ́ kí á mọ bí koríko náà ti wúwo tó lórí ẹni tí ó rù ú.

Láàrin méjèèjì yìí ni a lè fi Kurunmi tí Ọlá Rótìmí kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí, èyí tí ó jáde ní 1971. Ogun Ìjàyè, láti 1860 dé 1862, ni ó dá lé. Orúkọ gidi ni, ogun gidi ni, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò mú ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí ó fa ìjà náà kúrò. Kíkọ̀ tí Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin lẹ́yìn ikú Àtìbà ni eré náà dúró lé. Ẹ̀rí ni èyí pé kì í ṣe dandan kí ìtàgé gbé ìṣèlú jù sílẹ̀ kí òǹwòran tó lè gbádùn rẹ̀.

7. Àbá lórí ọ̀nà ìkàwé

Láti inú ohun tí a ti sọ, ìbéèrè mẹ́rin ni a rò pé ó yẹ kí òǹkàwé máa bi irú ìwé wọ̀nyí, ìbáà ṣe ìwé ìtàn, ìbáà ṣe iṣẹ́ àtinúdá.

(i) Kí ni òǹkọ̀wé yá lọ́wọ́ ìgbà àtijọ́: orúkọ ènìyàn ni, ìṣẹ̀lẹ̀ ni, tàbí ètò ìgbé-ayé? Bí ohun tí ó yá bá ti pọ̀ tó ni ìbéèrè tí a ó bi í yóò ti pọ̀ tó.

(ii) Nígbà wo ni ó kọ ọ́, kí sì ni ó ń jẹ àwọn ènìyàn ìgbà náà lọ́kàn? Ohun tí ó ń jẹ Johnson lọ́kàn ni òpin ogun. Eré tí ó jáde ní 1970, ọdún kẹwàá òmìnira, ọdún tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òǹkàwé tí ọ̀rọ̀ alágbára tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí.

(iii) Ta ni ó sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, ta ni kò sì sọ̀rọ̀? Nínú Johnson, ẹrú kò sọ̀rọ̀. Nínú eré, ẹ̀sùn Látòósà ni kò sọ̀rọ̀.

(iv) Ta ni ìwé náà jẹ́ kí ó lọ láìdáhùn? Èyí ni ìbéèrè tí ó le jù, òun ni ó sì wúlò jù. Ìwé ìtàn jẹ́ kí á rí i pé àwọn alágbára lọ láìdáhùn, ṣùgbọ́n kò bínú sí i tó. Eré bínú púpọ̀, ṣùgbọ́n ó darí ìbínú náà sí ẹyọ ẹnìkan.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jẹ́ «Ṣé òótọ́ ni?» nìkan. A kò fi ìbéèrè òótọ́ ṣeré. Ọjọ́ tí a yọ Ẹfúnṣetán lóyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ èrò ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó rán àwọn ẹrú wọ̀nyẹn níṣẹ́ kì í ṣe ohun tí lámèyítọ́ lè fi ẹwà èdè bò mọ́lẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé òótọ́ ní ju ojú kan lọ, àti pé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ojú tí ó kọ sí i.

8. Ìgúnlẹ̀

Nínú bébà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé ìtàn àti eré onítàn mánigbàgbé kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Ìwé Johnson fún wa ní ẹ̀sùn mẹ́ta, ọjọ́ méjì, àti ìpànìyàn kan tí a fi bò. Eré Ìṣọ̀lá fún wa ní ọkàn ìyá tí ó ṣòfò àti ohùn ẹrú. Ẹni tí ó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan yóò mọ bí Ẹfúnṣetán ti ṣubú láìmọ ohun tí ó ná àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ti èkejì nìkan yóò káàánú Adétutù, ṣùgbọ́n yóò máa yin Látòósà.

Àbá tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa kò le. Níbikíbi tí a bá ti ń fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà kọ́ni, kí á gbé ojú ìwé díẹ̀ tí Johnson kọ lórí ọdún 1874 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìtumọ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ohun tí Akínyẹlé kọ lórí Ìbàdàn ìgbà náà, kí á sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn rí ibi tí wọ́n ti pínyà. Kí á ṣe bákan náà fún Baṣọ̀run Gáà àti fún àwọn eré yòókù tí orúkọ gidi wà nínú wọn. Iṣẹ́ yìí kò ní dín adùn eré kù. Ohun tí yóò dín kù ni ìrọ̀rùn tí a fi ń dá òkú lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu wọn.